Kọ̀ǹpútà Tó Wúwo

"Àwòrán ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, sà. Ó ti wúwo, ìyẹn ni kò ṣe lè sáré mọ́," ni olùtajà kọ̀ǹpútà wí. "Ẹ dorí ẹ̀ kodò, kẹ́ ẹ gbọn ọ́n dáadáa."

Inú bí bàbá tó ni kọ̀ǹpútà. Ó fọwọ́ gbá káńtà. "Àwòrán àwọn ọmọọmọ mi! Ta ló kọ́ ẹ nírú iṣẹ́ játijàti yìí?"

Olùtajà tẹrí ba. "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé."

Àwọn oníbàárà yòókù yíjú sí bàbá. Ó wúkọ́, ó ní, "O ṣeun. O ò gbàgbé." Ló bá dorí kọ̀ǹpútà kodò, ó ń gbọn ọ́n bí àpò.

Bọ́tìnnì kan lára ẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, sà!" ni olùtajà pariwo. "Wọ́n ti ń jáde!"