Àpò Tí Ọ̀bọ Kò Fẹ́ Tú

Àlọ́ mi já wàì, ó balẹ̀ sórí Ọ̀bọ, níjọ́ tó lọ kọ́ àpò híhun lọ́dọ̀ Alántakùn. Ọ̀bọ fo ojú okùn kan, ihò yọ. Alántakùn bá forin sí i:

Ọ̀bọ, o fo ojú kan o,
*Tú u, kí o tún un hun.*
Ojú kan ní í sàpò dajere,
*Tú u, kí o tún un hun.*

“Kí n tú iṣẹ́ ọwọ́ mi? Ìyá, mo ti mọ̀ ọ́n!”

Ó gbé àpò lọ jí hóró àgbàdo lóko àgbẹ̀ kan. Hóró ń jò lọ́nà, àgbẹ̀ sì ń ṣà á tẹ̀lé e délé. Àgbẹ̀ fi okùn àpò náà gan-an dè é mọ́gi, ó lọ mú àdá.

Kó tó dé, Ọ̀bọ tí kò fẹ́ tú ojú kan ti feyín tú kókó ogójì. Ilé Alántakùn ló sá lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, níbo la báṣẹ́ dé?”