Wúràọlá Tí Kò Gba Ẹ̀bẹ̀ Àbúrò Rẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ Wúràọlá lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó lè yan ènìyàn lódì fún ọdún mẹ́wàá, kó sì máa kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́.

Òun àti Rebecca àbúrò rẹ̀ nìkan ni ìyá wọn bí ní Igbó-Ọrà. Nígbà tí ìyá kú, Rebecca mú aṣọ àlàárì kan nínú àpótí ìyá náà kí Wúràọlá tó ti oko dé. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, Rebecca gbé aṣọ náà padà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú.”

“Gbé e lọ. Láti òní, èmi nìkan ni ìyá mi bí.”

Bàbá Adérógbà, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, “Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré.” Wúràọlá kọ etí ikún. Nígbà tí Rebecca ń lọ ilé ọkọ, Wúràọlá ní òun kò fẹ́ mọ ìlú tó ń lọ. Nígbà tí òun náà relé ọkọ ní Èrúwà, ó kìlọ̀ fún bàbá náà pé kó má sọ ibẹ̀ fún Rebecca. Bàbá náà kú láìsọ ọ́. Bí Ọmọ́ṣọlá, ọmọ Wúràọlá, bá béèrè ẹbí ìyá rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: “Mi ò ní ẹnì kankan.”

Ní ọdún 1976, Ọmọ́ṣọlá pàdé Babáfẹ́mi, ọmọ Ayétẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, àmọ́ orúkọ ọmọ ni gbogbo ayé fi ń pe ìyá wọn méjèèjì, wọn kò sì bi ara wọn ní orúkọ ìyá. Kí àwọn òbí ọkọ tó wá tọrọ ìyàwó, oyún ti pé oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ náà, Wúràọlá jáde láti kí àwọn àna. Obìnrin tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kígbe.

“Ẹ̀gbọ́n mi!”

Rebecca ni. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn, ó rí Babáfẹ́mi ọmọ rẹ̀ tó di ọwọ́ Ọmọ́ṣọlá mú. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà kò jókòó pẹ́, wọ́n ní ìgbéyàwó náà kò lè wáyé. Ọmọ ìyá méjì kì í fi ọmọ fún ara wọn, èèwọ̀ ni. Wúràọlá dì mọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Ọmọ ìyá mi, dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì yín tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Kí la ó wá fi ìyẹn ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyí?”

Ọmọ́ṣọlá kò sunkún. Ó ní, “Màmá, ẹ ní ẹ ò ní ẹnì kankan. Ó ti rí bẹ́ẹ̀.” Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn kan ní àwọn rí i ní Kàdúná, tó pọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Wúràọlá wọkọ̀ lọ wá a, kò rí i. Ó darúgbó, ó kú, kò mọ bóyá ọkùnrin ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàbí obìnrin.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ẹni tó bá kọ ọmọ ìyá rẹ̀ kò kọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìkan. Ó ń kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí kò sí níbi ìjà. Bí wọ́n bá mú ẹ̀bẹ̀ wá, ẹ gbà á. Bí inú yín kò bá sì tíì rọ̀, ẹ má fi orúkọ ẹbí pamọ́ fún àwọn ọmọ yín.