Íńtálọ́ọ̀kì Tí Alájì Fi Bo Ẹnu Kòtò

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó tún da omi ọ̀rá sínú síǹkì yín. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Kò sí ilé tí kò ní ihò omi.

1.
Ní Bódìjà, Shakirah ń gbé ilé ẹ̀yìn nínú ọgbà Alájì Mùstàfá, onílé rẹ̀. Alájì àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nílé ńlá iwájú. Páìpù kan náà ni omi ìdọ̀tí ilé méjèèjì ń gbà jáde. Mọ́ínmọ́ín ni Shakirah ń sè lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ, inú ilé yẹn ló sì ti ń ṣe é.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Iléyá, omi dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti ihò ilẹ̀ ibi ìdáná rẹ̀, ó ń rùn bí òkú eku. Ó gbá a, ó tún dé. Ó lọ fẹjọ́ sùn. Alájì ò tiẹ̀ wá wò ó. Ojú àwọn aládùúgbò tó jókòó tì í ló ti dá a lóhùn.

"Èèpo ẹ̀wà rẹ ló dí páìpù mi. Kó ẹrù ẹ kí oṣù yìí tó parí."

Shakirah ò wolẹ̀. "Alájì, ewúrẹ́ ìyá Kaosarah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló ń jẹ èèpo ẹ̀wà mi látọjọ́ tí mo ti débí. Ẹ bi ewúrẹ́ léèrè. Mi ò kó lọ síbì kankan, àfi tí a bá tú páìpù yẹn tí a bá èèpo níbẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

2.
Shakirah fúnra rẹ̀ ló pe Luqman láti Apẹ̀tẹ̀, ẹni tó fi ṣíṣí páìpù tó dí ṣiṣẹ́ ṣe. Luqman gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, pẹ̀lú wáyà gígùn tó ń lọ́ bí ejò. Ó béèrè ẹnu kòtò, ihò tó ní ìdérí tí wọ́n ń ṣí wo inú páìpù.

Ẹnu kòtò dà? Lọ́dún tó kọjá, Alájì tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí mọ́tò tuntun. Àwọn tó tẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n yọ ẹnu kòtò sílẹ̀. Ó ní ìdérí kọnkéré ń ba ẹwà ọgbà jẹ́. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni sìnkú.

Luqman ní kí wọ́n ṣáà yọ díẹ̀ níbẹ̀.

"Ká hú íńtálọ́ọ̀kì mi nítorí ẹlẹ́wà?" Bí Alájì ṣe lé e jáde nìyẹn.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Òkúta tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ wá níyì ju ọmọ ènìyàn lọ.

3.
Alájì ra ásíìdì, ó dà á sínú síǹkì tirẹ̀. Ó hó, ó rú èéfín, omi sì lọ díẹ̀. Ó ní ṣé ẹ rí i, ta ló nílò Luqman? Nígbà tó tún dí, ó tún dà á. Shakirah ní tirẹ̀ gbé ààrò síta, ó ń dáná lábẹ́ agbòjò, mọ́ínmọ́ín ò sì yẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Ìyàwó Alájì ní kó lọ bẹ̀bẹ̀.

"Àlájà, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀. Kí ni mo ṣe?"

Wọn ò mọ̀ pé ásíìdì ti jẹ oríkèé páìpù lábẹ́ ilé Alájì, omi sì ti ń mu ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Àlájà ń se tíì, ilẹ̀ ibi ìdáná rì wọlẹ̀, ògiri sì là láti ojú fèrèsé dé òkè. Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà.

4.
Ìgbà yẹn ni wọ́n tó hú íńtálọ́ọ̀kì. Shakirah lọ pe gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní. Luqman padà dé, ó ṣí ẹnu kòtò, ó ti wáyà bọ inú páìpù. Èèpo ẹ̀wà kankan ò jáde. Ọ̀rá ló ń jáde, funfun, líle bí ọṣẹ, irun àgbò àti ìfun lẹ̀ mọ́ ọn. Omi gbígbóná ni ilé Alájì fi fọ inú àgbò Iléyá nínú síǹkì. Ọ̀rá tó gbóná á máa ṣàn bí omi. Tó bá tutù tán nínú páìpù, ó di sìmẹ́ǹtì. Àgbò ti Shakirah, ilé bàbá rẹ̀ ní Àpáta ni wọ́n ti pa á.

Alájì rọra ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyẹn.

"Rárá, sà. Níwájú wọn lẹ ti ní èmi ni. Níwájú wọn náà lẹ ó ti sọ pé ẹ̀yin ni."

Ó sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n.

"A ò gbọ́ yín, sà."

Ó tún un sọ.

Alájì tó ní kí Shakirah kó jáde, òun ló kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Òjòó, igi ni wọ́n fi ti ògiri ilé rẹ̀. Shakirah fọ ibi ìdáná rẹ̀, ó sì rẹ ẹ̀wà sómi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jáwọ́ nínú dída ọ̀rá sí síǹkì. Ẹ nù ún kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ má bo ẹnu kòtò nítorí ẹwà. Ẹ má fi ásíìdì ṣe ọgbọ́n orí. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí. Ẹ̀yin onílé, ayálégbé kì í ṣe ààtàn tí ẹ ó máa da ẹ̀bi sí. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí onílé yín. Tó bá bínú, ẹ lọ wo ẹnu kòtò rẹ̀.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.