Awakọ̀ Tí Òde-Ìrèlè Gbà

Kò sí awakọ̀ tó lè bá Láyí ará Àyèká dọ́gba nínú ìdíje ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń ṣe. Páìpù irin ni wọ́n fi ń jó ọkọ̀ náà pọ̀, ẹ̀ńjìnnì ọ̀kadà ni wọ́n ń gbé sí i, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Awakọ̀ kan láti ìlú Iyansan ti pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Dora ìyàwó Láyí kì í lọ wòran. Lọ́jọ́ ìdíje, á gbààwẹ̀, á wọ sùtánà, á pọn Jésùtómi ọmọ rẹ̀, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀ àánú, ibi àdúrà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Á tan àbẹ́là, á kúnlẹ̀, kò ní dìde àfi tí ariwo ẹ̀ńjìnnì bá dákẹ́ ní pápá. Tí wọ́n bá sáré wá sọ pé Láyí ló tún gba ife, ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

Wọ́n á ní ó le. Á mí kanlẹ̀, á pa àbẹ́là.

"Dora, àdúrà rẹ mú o!" ni Ambrose, wẹ́dà tó ni ọkọ̀ Àyèká, máa ń pariwo. "Àwa ń jó irin, ìwọ ń kan ilẹ̀kùn ọ̀run!"

Dora á kàn wọ bàtà rẹ̀, á gba ilé lọ.

Ìgbà tó yá, Adéjọbí, alága ẹgbẹ́ awakọ̀ Òde-Ìrèlè, wá bá wọn nílé. Ó fẹ́ kí Láyí wá máa wakọ̀ fún àwọn. Ó ti wá yàrá sílẹ̀ fún wọn.

"Ṣùgbọ́n tọkọtìyàwó ni o," ó ní. "Màmá Jésùtómi ò gbọdọ̀ kù sẹ́yìn."

Láyí rẹ́rìn-ín. "Alága mọyì ìdílé!"

"Ọkọ̀ tiyín," Dora béèrè, "ṣé ó ń sáré ju ti Ambrose lọ?"

"Ẹyẹ ni, Màmá!"

Síbẹ̀, Dora di ẹrù.

Ambrose ní ẹni tó bá fi Àyèká sílẹ̀, eruku Àyèká ni yóò jẹ. Láyí ní kó yáa wá nǹkan fi bojú, eruku tòun náà ń bọ̀.

Lọ́jọ́ ìdíje, Láyí dé akoto tuntun, ó dé ìdí ọkọ̀, ó bá Ọmọ́túndé, ọmọ àbúrò alága, tó ti jókòó síbẹ̀.

"Alága, ta nìyí?"

"Òun ló máa wà á. Ìwọ jókòó sábẹ́ ìbòji, mu mínírà."

"Kí lẹ wá gbà mí fún?"

Adéjọbí ò wojú rẹ̀. Dora ló ń nawọ́ páálí àbẹ́là sí.

"Màmá Jésùtómi, a ti gbálẹ̀ ibi àdúrà dè yín. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe l'Áyèká náà ni kẹ́ ẹ ṣe é."

Dora bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ọpẹ́ nìkan ló sì dá, torí láti ìdíje àkọ́kọ́ ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n gba ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ Láyí, òní ni Ọlọ́run tó dá a lóhùn.