Ọ̀rọ̀ Ẹnu Nílé Àgbà

Láti ìgbà tí òfin ti ka ọ̀rọ̀ ẹnu léèwọ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbà, ẹ̀rọ ara ògiri ló ń jábọ̀ fún àwọn tó wá gbaṣẹ́ láàárọ̀.

“Ìbíwùmí kọ oúnjẹ,” ni ẹ̀rọ wí. “Ẹ ki rọ́bà oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú.”

Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń palẹ̀mọ́ àtilọ sílé, fárígá. “Màmá Ìbíwùmí ò kọ oúnjẹ! Iyè wọn ló ti ra, ọkọ wọn tó ti kú ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ bu ti ọkọ náà síwájú wọn, wọ́n á jẹun.”

Ẹ̀rọ jágbe mọ́ ọn: “Dákẹ́! Iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ.”

“Kó bọ́! Mi ò ní dákẹ́.”

Dúrótoyè tó wá gbaṣẹ́ gbé abọ́ méjì lọ. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n bu òkèlè. Nígbà tó padà dé, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ náà, ó kọjú sí Morẹ́nikẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, Bàbá Àjàgbé ńkọ́? Ẹ sọ tiwọn náà fún mi.”