Ẹnì Kẹta

Ní wọ́ọ̀dù wa nílé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ ìjọba méjì péré ló lè dúró pọ̀. Bí ẹnì kẹta bá wọlé, ìpàdé ni òfin ń pè é, iṣẹ́ sì ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ̀gbà tí wọ́n fi sí wa lọ́wọ́ ló ń kà wá; bí a bá ti pé mẹ́ta, á pọ́n.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá Ọlátóyè, aláìsàn wa kan, já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi àti Sìkírátù, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, gbé e títí, apá wa ò ká a. Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá, ọ̀gá wa, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mo pariwo pé, "Àǹtí Mojí, ẹ má wọlé! Ọmọ mẹ́rin lẹ ní nílé!"

Bàbá ń mí gúlegúle nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé òfin yìí wá. Wọ́n fi mọ́tò dí mi lẹ́nu, mo sì fọwọ́ sí i lórúkọ gbogbo yín."

Àǹtí Mojí gbọ́ ọ ketekete. Ó wọlé.

"Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

A ti gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó pọ́n. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan mọ́ tí a ó sáré lọ bá.