Àṣìṣe Méje

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ aṣọ wò ké lórí aṣọ tábìlì tí Bàbá Ràímì hun, iná pupa sì tàn.

"Bàbá, kò yege," ni Mosúnmọ́lá wí. Òun ni ìjọba ń rán wá sí Ìsẹ́yìn lóṣooṣù láti fi òǹtẹ̀ lu aṣọ tí wọ́n bá fọwọ́ hun. "Ó dán jù. Òfin ní kí àṣìṣe méje wà níbẹ̀, ká lè mọ̀ pé ènìyàn ló hun ún."

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá tó bí Bàbá Ràímì fi nà án nídìí òfì kí àṣìṣe tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣebí ìṣojú rẹ ni mo ṣe hun ún?"

"Ìṣojú mi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í ṣe ẹ̀rí."

Bàbá dìde nídìí òfì. "Ó dáa. Jókòó, kí o hun tìrẹ."

Mosúnmọ́lá, tí kò fọwọ́ kan òfì rí, lọ́ òwú pọ̀ bí irun wèrè. Bàbá gbé ẹ̀rọ lé ohun tó hun. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

"Ojúlówó iṣẹ́ ọwọ́," ni ẹ̀rọ wí. "Ọ̀gá ahunṣọ."

Bàbá, ẹni ọgọ́rin ọdún, ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọbìnrin náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìgbà wo ni kí n wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́?"